Kí O Tó Ra Ìkọ́ Kejì

Ìsọ̀ Aláṣọ,
Maourey, Niamey.
Ọjọ́ Àlàmísì, oṣù Ṣàwálì.

Lùkúmàn Àkànní, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Houston níbi tí o wà. Mo kí Ummusalmah aya rẹ, mo sì kí Yunus ọmọ-ọmọ mi tó máa ń fi Òyìnbó bá mi jà lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ara yín le, torí Àsmá'ù àbúrò rẹ fi fọ́tò yín hàn mí. Ara tèmi náà le, àfi ìbàdí mi àti bàbá rẹ. Ìbàdí a tilẹ̀ máa gbọ́ oògùn.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé lẹ́tà ni mo kọ. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí gbogbo ìgbà tí o bá pè, bàbá rẹ ló ń gbà á. Wọ́n á ní, "Ìyá rẹ ń kí ọ o," bẹ́ẹ̀ mi ò tíì la ẹnu. Wàhábì, ọmọ aládùúgbò ìsọ̀ wa, tó ń padà sí Amẹ́ríkà, ni mo fi ìwé yìí rán. Mo kìlọ̀ fún un pé kó fi lé ọ lọ́wọ́, kó má yà á ní fọ́tò, torí bàbá rẹ àti fóònù ti di ọ̀kan nínú ilé yìí.

Ìwọ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti já bọ́ látorí ẹrù nínú ọkọ̀ ọjà Balleyara ni dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Èmi tí mo ti ń ná ọjà ọjọ́ Àìkú yẹn kí n tó lóyún rẹ! Nígbà tí àwọn Òyìnbó kan wá ń kó lọ, tí wọ́n ń ta ilé onítáyà wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ fà, mo ní Ọlọ́run ló dá mi lóhùn. Katakata ló wọ́ ọ wá sílé wa ní Talladjé. Mo yọ bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, mo ní kí wọ́n kan pákó ìpàtẹ sí i. Inú rẹ̀ ni màá ti máa tajà, inú rẹ̀ ni màá ti máa sinmi, n kò ní gun orí ẹrù mọ́ láyé mi. Mo fẹ́ kó gbéra kí Iléyá tó dé, nítorí aṣọ Iléyá ni ọjà mi. Bí kò bá gbéra, àwọn oníbàárà mi yóò mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹlòmíràn, èmi yóò sì di ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ewúrẹ́ ní Talladjé.

Píkọ́ọ̀pù tí o fi ránṣẹ́ gba Kútọnu lágbára, mi ò bú u. Àmọ́ ìlà ìjókòó méjì ló wà nínú orí ọkọ̀ náà, iwájú àti ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí wá kúrú. Ilé onítáyà yìí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Imú rẹ̀ ló máa ń nà wá sókè ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, tí irin ìdè rẹ̀ á wá jókòó sínú ìkọ́ tí wọ́n dè mọ́ àárín ibẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé pé bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá kúrú, tí ọkọ̀ bá wá ya kọ́nà tó mú, igun imú ilé náà lè yí wá gbá orí ọkọ̀. O ní ìkọ́ oríṣi mẹ́ta ló wà: èyí tó dúró gbọn-in sójú kan, èyí tí awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ kó lè sún sẹ́yìn kó tó ya kọ́nà, àti èyí tó ń fúnra rẹ̀ sún, tí ìwọ náà mí kanlẹ̀ nígbà tí o dárúkọ owó rẹ̀. O ní o mọ ìwọ̀n ọkọ̀, kí a wọn ilé náà fún ọ láti irin ìdè dé igun imú, o ó sì mọ èyí tó bá a mu. Ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé nìyẹn.

Bàbá rẹ dìde. Àsmá'ù gbé téèpù télọ̀ wá, wọ́n ní kí nìyẹn, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni àwọn fẹ́ wọ̀n ni? Wọ́n wọlé lọ mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, èyí tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wọ̀n, wọ́n kà, wọ́n pè ọ́. O ṣírò rẹ̀, o ní èyí tó dúró gbọn-in yóò gbà á, àyè díẹ̀ yóò sì kù. Inú wọn dùn dé ẹ̀yìn, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn ò ti fẹ́ ìkọ́ tó ń sún. Wọ́n ní ọkùnrin tí yóò máa sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo kọ́nà láti bẹ irin, kó kúkú máa fẹsẹ̀ rìn. Mo ní kí a tún un wọ̀n. Wọ́n ní, "Ìyá Lùkúmàn, ọ̀pá yìí ni mo fi ń bọ́ yín, o wá ń bi mí bóyá mo mọ nǹkan wọ̀n?" Mo lọ ká aṣọ mi. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá pariwo.

Ìkọ́ tí o rà dé, wọ́n dè é. Láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, Ìdrìsù ọmọ àbúrò bàbá rẹ jókòó sídìí ọkọ̀, bàbá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú gèlè tuntun, torí mo fẹ́ kí àdúgbò rí mi. A jáde, a rìn díẹ̀, àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Ìdrìsù ya kọ́nà níbi tí wọ́n ti ń ta omi. Gbàǹgà ni mo gbọ́ lẹ́yìn orí mi, gíláàsì sì dà lé mi lórí bí iyọ̀. Igun ilé tí mo fowó mi rà ló wọlé wá kí mi. Ọpẹ́lọpẹ́ gèlè, ọmọ mi. Ó nípọn, mo sì wé e dáadáa. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìwé yìí sí ọ. Ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó díẹ̀.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí bàbá rẹ kọ́kọ́ sọ? Wọn ò ní, "Mọ́rìlíátù, ṣé o wà láàyè?" Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n wo igun ilé náà títí, wọ́n ní ooru ló mú un fẹ̀. Ooru! Wọ́n ní irin a máa wú nínú ooru Niamey, pé òwúrọ̀ kùtù tí ara rẹ̀ ṣì tutù ni àwọn wọ̀n ọ́n. Mo ní bí ooru bá ń mú nǹkan fẹ̀, èmi tó ti ń gbé ìlú yìí láti ọjọ́ yìí wá, ilẹ̀kùn wo ni ì bá gbà mí? Ìdrìsù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n lé e kúrò nídìí ọkọ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá dúró tì mí, tí wọ́n ń ṣa gíláàsì kúrò lára gèlè mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú Yàqúb wá. Ajórin ni ní Lazaret, ó sì mọ ohun gbogbo àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó wò ó, ó ní, "Bábù màtsálà, Àlájì," pé kò sí wàhálà kankan, òun yóò tú ìkọ́ náà, òun yóò jó o mọ́ ìparí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí imú ilé lè jìnnà sí orí ọkọ̀. Bàbá rẹ ní ọlọ́gbọ́n ni. Ó di dandan kí n dìde, tèmi tìbàdí. Mo ní ta ló ń gbé òṣùká sí ìpàkọ́? Bí ìwúwo ilé bá kọjá táyà ẹ̀yìn, iwájú ọkọ̀ yóò fúyẹ́, Ìdrìsù yóò máa yí ọwọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ síbi tó wù ú. Ìwọ náà ti sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀ pé orí táyà ẹ̀yìn gan-an tàbí iwájú rẹ̀ díẹ̀ ni kí ìkọ́ wà. Bàbá rẹ ní mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Mo ní mo mọ̀ nípa ẹrù. Yàqúb rí ojú mi, ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni wọ́n pè ọ́, tí wọ́n ní ìkọ́ tí o rà kò dára, kí o wá irú rẹ̀ kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, wọn ò gbé fóònù fún mi. Wọn ò sọ fún ọ pé gíláàsì fọ́. Ìwọ náà, ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá, o ní, "Ẹ ṣé sà, màá wá òmíràn." Àkànní, irú ọ̀wọ̀ yẹn ló kù díẹ̀ kó bẹ́ mi lórí ní Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ̀ lé wọn wá sí ìsọ̀ ní Maourey, torí mi ò lè jókòó nílé kí ilé onítáyà máa wò mí. Ọkùnrin Zarma kan wọlé, ó fẹ́ ra aṣọ funfun. Bàbá rẹ na aṣọ sára ọ̀pá. Inú ń bí mi, mo kàn ń wo ọwọ́ wọn, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí i pé níbi tí ọ̀pá bá ti tán, àtàǹpàkò wọn kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń rọra kọjá, kí wọ́n tó ka "ọ̀kan". Ó tún kọjá kí wọ́n tó ka "èjì". Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n tún já díẹ̀ sí i, wọ́n ní, "Ènì rẹ nìyí." Ènì lórí ènì! Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti fún un ní ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe orí.

Nírọ̀lẹ́, mo ní kí Àsmá'ù mú téèpù, mo ní kí bàbá rẹ mú ọ̀pá, kí wọ́n jọ wọn imú ilé náà níwájú mi. Ọ̀pá tán, àtàǹpàkò kọjá, lórí irin gẹ́gẹ́ bíi lórí aṣọ. Ìwọ̀n tiwọn kéré sí ti téèpù, ohun tó sì fi kéré ju àyè díẹ̀ tí o ní yóò kù lọ. Àsmá'ù, tí Faransé ti jẹ Yorùbá rẹ̀ tán, ló pariwo pé, "Màmá, bàbá ń fún ilé ní kàdó!" Ẹ̀bùn ló ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé tó fẹ̀, wọ́n kà á ní tínrín, bí ẹni pé ilé náà wá ra àǹkárá.

Bàbá rẹ dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi ni mo ti ń retí ọjọ́ tí wọn yóò dákẹ́, mo sì fẹ́ gbádùn rẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Bàbá mi ló kọ́ mi. Ó ní bí mo bá ń dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ọ̀pá tán, ọwọ́ mi lè fà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, kí n di ajẹgbèsè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó ní kí n máa kọjá díẹ̀." Mo ní ó dára fún aṣọ, kò dára fún gíláàsì.

Àmọ́ inú tún wá bí mi lọ́nà mìíràn, ìwọ nìkan ni màá sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ ra àǹkárá nísọ̀ bàbá wọn, bàbá rẹ ló sì wọ̀n ọ́n fún mi. Nígbà tí mo délé tí mo ró o, ó yí mi ká, ó tún kù. Mo sọ fún Tàíbátù ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọkùnrin yẹn ń bá mi sọ̀rọ̀. Aṣọ yẹn ló jẹ́ kí n gbà nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, tí mo sì tẹ̀ lé wọn dé inú yanrìn yìí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé èmi nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ó wá di pé gbogbo ayé ni, títí kan ilé àwọn Òyìnbó. Ó dùn mí ju gíláàsì lọ.

Nítorí náà, má ra èyí tó dúró gbọn-in mọ́. Má ra èyí tó ń fúnra rẹ̀ sún náà, torí bó bá bàjẹ́ níbí, Yàqúb ni yóò tún un ṣe, o sì ti gbọ́ nípa Yàqúb. Èyí tí awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ fà ni kí o rà. Ẹsẹ̀ Ìdrìsù pé, kó máa sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà Balleyara kò ní kọ́nà tó mú, àfi àdúgbò wa àti ẹnu ọjà. Ìwọ̀n tí téèpù sọ wà lẹ́yìn ìwé yìí, Àsmá'ù ló kọ ọ́. Bí bàbá rẹ bá pè ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n mìíràn, kí o ní, "Ẹ ṣé sà," kí o sì ṣe èyí tí mo wí. Jọ̀wọ́, jẹ́ kó dé kí Iléyá tó dé. Bí ọjà yìí bá kọjá mi lọ́dún yìí, mi ò rò pé yóò tún dúró dè mí.

Ọlọ́run yóò wọn rere fún ọ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró síbi tí ọ̀pá tán. Ìyàwó rẹ yóò máa rí ẹ̀rín rín nílé rẹ. Yunus yóò dàgbà, yóò sì gbọ́ èdè wa. Kọ́nà ayé kò ní fọ́ gíláàsì rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí gèlè kó yọ,
Mọ́rìlíátù.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí pọ̀, mo tún tú u. Mo yọ àǹkárá ọjọ́ náà nísàlẹ̀ àpótí mi, mo ní kí Àsmá'ù fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ènì tèmi kì í ṣe ti àtàǹpàkò. Aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi odindi ọ̀pá kan ju iye tí mo sanwó rẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan kì í ṣèèṣì kọjá tó bẹ́ẹ̀. Má sọ fún bàbá rẹ pé mo wọ̀n ọ́n o. Mo ṣì ń bá wọn bínú, ó di ìgbà tí wọ́n bá fi gíláàsì tuntun sí ọkọ̀.