Tábìlì, Ọmọ Rẹ̀ àti Ọmọ-Ọmọ Rẹ̀

Gàfárù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ òyìnbó, mo kí ọ kú òtútù ọ̀sà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà níbí, à ń dúpẹ́. Ìyá rẹ Àmọ̀kẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ tí o mọ̀ yẹn ti bímọ. Òjò ti ṣí ilé Ọ̀jẹ̀wálé aládùúgbò wa lórí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló ń sùn sí, ó sì ń hanrun. Àkíbù, akọ̀wé àwọn oníkòkó ní Òjé, ló ń bá mi kọ èyí, òun náà ló ka tìrẹ fún mi. Àwòrán orí ọba tí o lẹ̀ mọ́ ara lẹ́tà, mo rí i, mo ti ṣí i kúrò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí o bá rí ọba náà, sọ fún un pé àwa náà kí i.

Ọ̀rọ̀ tábìlì tí o ní kí n ṣe sí pálọ̀ ló kàn. O ní o rí i nílé òyìnbó ọ̀gá rẹ, o ní mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan ń wọ abẹ́ ọ̀kan, tí àlejò bá dé wọn á fà wọ́n jáde, tó bá lọ wọn á tì wọ́n padà. O ní kí n má gbé e fún káfíntà, kí n ṣe é fúnra mi, torí ẹbí ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá wo ilé wa lẹ́yìn tí a bá tọrọ rẹ̀ tán. O ní Edith ni orúkọ rẹ̀. Mo ní kí Àkíbù tún un pè, ó tún un pè, Ìdíìtì ni mo gbọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀rọ̀ yìí dára, èmi tí mo ti ń fi ìdí ìtì gbẹ́ odó láti kékeré, ta ni kí ọmọ mi tún fẹ́ bí kò ṣe Ìdíìtì.

Bí o ṣe ní kí wọ́n wà nínú ara wọn, mo rò pé bí odó ni. Mo gbé ìtì kan kalẹ̀, mo ní n ó gbẹ́ tábìlì kékeré jáde nínú ńlá. Nígbà tí mo gbẹ́ ẹ dé ibì kan, ó di odó. Odó náà dára, ìyá rẹ ti ń gúnyán nínú rẹ̀. Mo wá lọ ra pákó àti ìṣó ní Ọjà'ba.

Àkíbù ní ínṣì ni o fi kọ ọ́, ó ní ínṣì kan ni àtàǹpàkò láti oríkèé dé èékánná. Mo bi í pé àtàǹpàkò ta ni, ó ní o ò sọ. Mo fi tèmi wọn èyí ńlá, mo kàn án, ó dúró. Ibi tí mo ti ń kan ti àárín ni mo ti fi òòlù lu àtàǹpàkò náà, ó wú bí ebè iṣu. Mo fi í wọn ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo parí rẹ̀, àbúrò ti ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ṣé o rí i pé ínṣì òyìnbó ò ṣeé gbọ́kàn lé, ìgbàkigbà ló lè wú. Mo tú u, mo fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tún un wọ̀n, ó wá wọlé. Àwọn ará Bẹẹrẹ wá wò ó. Mo fà á jáde, mo tì í wọlé, mo tún fà á jáde, obìnrin kan ní ṣé mi ò ní jẹ́ kó sinmi ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn ẹbí Ìdíìtì ní àfi kí àgbà ilé wa wá fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Ta ni àgbà ilé wa bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n mi Sàláúdéènì ti Ìdí Arẹ́rẹ́? Mo ní kó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ká sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò Èkó. Kó tó dé, Ọ̀jẹ̀wálé ti jókòó sídìí tábìlì ńlá, ó ti gbé obì àti omi lé e. Èmi mú ti àárín. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wọlé, mo fa èyí tó kéré jù jáde, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó bi mí pé níbo lèyí ti jáde. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mo ní abẹ́ àwọn yòókù ni, mo ní ọmọ-ọmọ tábìlì ńlá ni.

Há. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dé e. Ó ní Yésúfù, èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn sá fún ogun, èmi lo gbé ọmọ-ọmọ tábìlì síwájú, tí Ọ̀jẹ̀wálé tí òjò lé kúrò nílé sì ń jẹ obì lórí bàbá-bàbá rẹ̀? Ọ̀jẹ̀wálé ní ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ẹ ò ṣe tètè dé? Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lọ Èkó mọ́. Ó ní kí tábìlì ńlá wọ rélùwéè kó lọ bá wa tọrọ ìyàwó, tábìlì náà kúkú ni àgbà ilé.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò sí nílé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ láti inú yàrá. Ìyá rẹ gbé iyán lọ, ó kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jẹ iyán náà tán, ó ní kó gbé àwo rẹ̀ máa lọ. Ẹ̀rù wá bà mí, torí bí kò bá lọ, Ìdíìtì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, wọ́n á ní ọmọ tí kò lẹ́bí ni ọ́.

Mo rò ó, mo rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tábìlì yìí fún òyìnbó ló jẹ̀bi, bóyá pákó ni kò tó o. Mo mú ayùn, mo gé ẹsẹ̀ àwọn tó ga, mo mú wọn dọ́gba pẹ̀lú kékeré. Kò sí bàbá mọ́, kò sí ọmọ, ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Ìyá rẹ tì wọ́n títí, wọn ò wọ abẹ́ ara wọn, ó ní mo ti bà á jẹ́. Mo bi í pé níbo ló ti rí ẹgbẹ́ tó ń wọ abẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá wò ó. Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò wọ́n. Ó ní ó dáa báyìí. Ó yan èyí tó fẹ̀ jù, ó jókòó sídìí rẹ̀. Mo lọ bu omi wá lẹ́yìnkùlé, nígbà tí n ó fi dé, ara rẹ̀ ti yá, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni rélùwéè ń gbéra, ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń bá ará Èkó sọ̀rọ̀. Gàfárù, ó ń lọ.

Nígbà tó lọ tán tí ìyá rẹ ń gbálẹ̀, ó pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Àpáàdì ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rọra kì wọ́n sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo lọ bu omi. Tirẹ̀ fi díẹ̀ ga ju tiwa lọ. Àkíbù ní yóò tó ínṣì kan. Mi ò bi í pé àtàǹpàkò ta ni.

Nítorí náà, fi owó rélùwéè ránṣẹ́, ti àwa méjèèjì, àti owó obì tí a ó gbé dání, kí o fi díẹ̀ lé e fún ayùn, torí ti ẹni ẹlẹ́ni ni mo yá, ó sì ti ká léyín. Má fi ìwé ránṣẹ́ kí o ní owó ni. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà Iléyá, mo ti fi dí ihò ògiri kí n tó gbọ́. Owó tó ń dún ni kí o fi ránṣẹ́. Bí Ìdíìtì bá sì dé ilé yìí, tó bá ń gbá pálọ̀, kó gbá a yí àpáàdì yẹn ká. Kó má kó o dànù, kó má sì bi ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o ga. Wọn ò ní torí ẹnì kankan gé ẹsẹ̀ rẹ kúrú. Ẹni tí o bá sì ga jù, Ọlọ́run á fún un ní àpáàdì tirẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yésúfù agbẹ́dó, ní Bẹẹrẹ.