Bóyá Ọmọ Màlúù Yẹn Ti Mu Ọmú

Balbriggan, Ọjọ́rú, oṣù Èrèlé, 2004

Ọkàn mi ò balẹ̀. Màlúù tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru látìgbà ìkórè, tó ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tó ń rù sí i, bímọ láàárọ̀ yìí. Dókítà ẹran ti sọ fún wa pé àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní Johne's ni, kò sì gbóògùn. Inú wàrà àti ìgbẹ́ ìyá lọmọ ti ń kó o. Kíá ló yẹ ká gbé e kúrò.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ ti dìde. Ẹnu ẹ̀ tutù. Ṣé wàrà ni, àbí omi ìbí? Mo gbé e jáde, ìyá ẹ̀ ń ké tẹ̀ lé mi.

Pat, bàbá tó ni oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bi mí pé, "Ṣé ó ti mu ọmú?"

Àgbẹ̀ kan ń bọ̀ wá rà á lọ́la. Mo mọ èsì tí Pat fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá tọ̀ ọ́ wọ agbo onítọ̀hún ńkọ́?

"Mi ò mọ̀, sà. Ó sì lè tó ọdún mélòó kan kí àrùn náà tó hàn."

Pat wọlé lọ tẹ àgbẹ̀ yẹn láago pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Sikira ìyàwó mi ní mo ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá wá dá mi dúró níṣẹ́...

Lẹ́yìn Mágàríbì, Pat pè. "Òmíràn ti ń rọbí. Máa bọ̀, ká jọ ṣọ́ ọ. Grand?" Bí àwọn òyìnbó ibí ṣe ń sọ "ó dáa" nìyẹn.

"Grand, sà." Mo wọ bàtà, mo sì jáde.