Ẹni Tó Dákẹ́ Lórí Fóònù Ọ́fíìsì Yín

Chizuru ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé òtútù Kobe ò pọ̀ jù? Mo gbé ìrẹsì síwájú àwọn baba ńlá wa láàárọ̀ yìí, mo sì dárúkọ rẹ fún wọn. Ara mi le, àfi orúnkún. A ti so èso kaki sábẹ́ òrùlé kó lè gbẹ, àwọn ọ̀bọ sì ti mú tiwọn níbẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù, pé ọ̀rọ̀ tó o mọ̀ dáadáa, bí òyìnbó bá ti so ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ ọn nídìí, á di nǹkan mìíràn. Mo gbé e lọ bá Tíṣà Kurimoto tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òótọ́ ni, pé bí wọ́n bá ní “hold on”, bí ẹni pé kó o di nǹkan mú sórí, kó o ní sùúrù díẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì ní “put you through”, bí ẹni pé àwọn á tì ọ́ kọjá, wọ́n fẹ́ so ọ́ pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn tó o máa bá sọ̀rọ̀ ni. Mo ní kí lọmọ mi ṣe tí wọ́n fi ń tì í. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kó o má tú wọn ká, pé bíi tọkọtaya ni wọ́n, ẹni tó bá wo ọkọ lọ́tọ̀, tó wo ìyàwó lọ́tọ̀, kò tíì mọ ilé wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó pè lọ́jọ́bọ̀. O ní o fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, o ní kó dúró, o lọ dá òyìnbó kan lóhùn lórí fóònù kejì, nígbà tó o padà tó o bẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. O ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ ló sú u, o sì sunkún.

Ọmọ mi, èmi ni. Ohùn rẹ ló ń wù mí í gbọ́, mo bá lọ pè ọ́ nílé Orikasa aládùúgbò wa. Bó o ṣe sọ Gẹ̀ẹ́sì sí mi báyìí, mo tẹrí ba. O tún sọ̀rọ̀, mo tún tẹrí ba. Orikasa ní, “Fusae, ọmọ rẹ ò rí ọ o, lanu sọ̀rọ̀.” Mo ní ṣé èmi ni kí n máa já lu ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì? N kò sì gbé fóònù sílẹ̀, torí ọ́fíìsì ló jù mí lọ, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ bó o ṣe ń bá òyìnbó yẹn sọ̀rọ̀. O sọ̀rọ̀, o dákẹ́, o tún sọ̀rọ̀, o wá rẹ́rìn-ín. Ẹni tọ́rọ̀ ò yé kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé nígbà tó o padà wá bẹ̀ mí, mo tẹrí ba títí mo fi forí gbá tábìlì Orikasa.

Bó bá rẹ̀ ọ́, máa bọ̀ nílé, ibùsùn rẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má torí ẹni yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kẹrosíìnì tí mo fi ń yáná.

Ọ̀nà rẹ á là. Gbogbo ẹni tó bá gbóhùn rẹ lórí fóònù, kó máa wù wọ́n í gbọ́ bó ṣe ń wù mí.

Ìyá rẹ,
Fusae