Bàbá Rọra, Tí Ilẹ̀kùn Ń Gbọ́ Tiwọn

A bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Rọra, ní ọdún 1952, nínú yàrá tó kọjú sí kànga, ní ilé bàbá wọn tí í ṣe kafíńtà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ẹbí ní kí a máa pè wọ́n ní "wọ́n" jálẹ̀ ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tó ń kọ ọ́, ti gbà, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ mu ọmú ìyá náà.

Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá wọn gbé àpò, òun ló sì ń gbá àwọn tó bá yọ wọ́n lẹ́nu létí. Síbẹ̀, àwọn ayọnilẹ́nu wọ̀nyẹn gan-an ló ń padà wá bá olóògbé ṣeré. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni àwọn ọmọ náà ń sá fún. Ó dùn ún nígbà náà, ó ṣì ń dùn ún.

Ní 1971, bàbá wọn fi ẹ̀gbọ́n sídìí pátákó, ó fi olóògbé sídìí kọ́kọ́rọ́ títúnṣe. Bí kọ́kọ́rọ́ bá kán sínú ihò, wọn kì í fi òòlù lù ú. Wọn á ta epo díẹ̀ sí i, wọn á ní sùúrù fún un, wọn á wá fi wáyà tín-ínrín fà á jáde. Àwọn oníbàárà á máa yìn wọ́n. Ta ló ń rántí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn?

Ní 1978, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì kan níyàwó. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì náà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tí ẹ jókòó níwájú, tiyín ló kàn. Ní 1986, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì tó ilé ìwé í lọ, ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìdáná. Ìkòkò wà lórí iná, èéfín ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Bàbá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kó ta ilẹ̀kùn wó. Olóògbé di ejìká rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bi ọmọ náà pé ibo ló jókòó sí. Ó ní òun fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ni. Bàbá rẹ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ní kó nu ojú rẹ̀, kó dìde, kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀nà ọwọ́ tó fi ń jẹun. Kò yí. Wọ́n ní kó sinmi, kó tún yí i, bí ẹni pé kò sí èéfín níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ sáré kọjá lára bàbá tó bí i, ó dì mọ́ olóògbé lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò sọ bó ṣe ń dun ẹni tó dúró tì í.

Ọmọ yẹn kò kọ́ṣẹ́ kafíńtà. Ọ̀dọ̀ bàbá kékeré rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ní ilé ìjọsìn, olóògbé ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí di ọjọ́ alẹ́ wọn. Wọn ò fi ilẹ̀kùn jí ìkókó kankan rí. Orí àga ni wọ́n ti rọra sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó ṣáájú, wọ́n tún gba iwájú rẹ̀.

Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ẹ̀gbọ́n tó ṣì ń jowú sáyé lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló kan pósí wọn. Ó ti kó ìṣó sílẹ̀ fún ìdérí nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yẹn di ejìká rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, tó ní òun ti fi ìkọ́ kékeré sí i. Nítorí náà, ọwọ́ lásán ni ẹ̀gbọ́n yóò fi ti ìdérí náà lónìí. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, ẹ bá a wí.

Rọra sùn, àbúrò mi. Kí ilẹ̀kùn ọ̀run ṣí fún ọ kí o tó kàn án.