Jọ́ọ̀gì Omi Germano

                                                  Via degli Argini,
                                                  Casalfosco.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejìlá, 2003.

Nevio, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ìlú Rosario lókè òkun lọ́hùn-ún o? Ṣé ara rẹ le? Graciela ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ooru lẹ wà báyìí, ẹ̀yin ń làágùn, àwa ń gbọ̀n níbí. Kùrukùru ti dé láti ìparí oṣù Kẹwàá, kò sì tíì padà sílé rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń jáde látinú odò Po, tí èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ara tèmi dá. Màmá rẹ wà láàyè, ó sì ti ń jẹun. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, o ní ìlà ò dáa. Ìlà dáa, Nevio. Ìwọ ni o ò fẹ́ gbọ́.

Àbúrò mi Ivano ló fa gbogbo rẹ̀. O rántí bí òun àti Germano àbúrò rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, lórí pápá Fadá Attilio lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ilé gólì kan ti ga ju èkejì lọ. Ivano ni wọ́n máa ń ní kó mú atamátàsé tó bá le jù. Á lẹ̀ mọ́ onítọ̀hún bí eégbọn lára ajá. Bí ẹni náà bá lọ tọ̀, á bá a débẹ̀. Germano ní tiẹ̀ ló ń dúró kẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sí ẹni pàtó tó ń ṣọ́, gbogbo pápá ló ń ṣọ́, ohùn ló sì fi ń darí wọn: ẹ jáde, ẹ dúró, mú un. Àdéhùn kan wà láàárín àwọn méjèèjì, pé Ivano ò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn láé. Germano á ní, “Má wẹ̀yìn. Èmi ni mo wà níbẹ̀.” Báyìí ni wọ́n ṣe gòkè láti ẹgbẹ́ ìlú wa, títí wọ́n fi bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá gbá bọ́ọ̀lù fún sáà méjì, tí à ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n nílé ọtí Ezio.

Lẹ́yìn náà ni kùrukùru mú mọ́tò Germano kúrò lójú ọ̀nà orí bèbè, tó gbé e sọ sínú Po. Ìwọ ti wà lọ́hùn-ún nígbà yẹn. Ivano ṣì gbá bọ́ọ̀lù fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò rí i pé nǹkan ti bà jẹ́. Á fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá dí i, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n gbà á síhìn-ín, wọ́n lé e. Wọ́n gbà á sọ́hùn-ún, wọ́n tún lé e. Lọ́dún yìí ni ẹgbẹ́ ìlú wa pè é wálé. Ohun tó kù fún un láyé nìyẹn, torí bó bá kùnà níbí, ta ló tún fẹ́ pè é? Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà. Títí di ìparí oṣù Kẹwàá a ò tíì rí ẹni nà, àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá.

O ò ní gbàgbé ohun tí à ń ṣe bí Ọjọ́ Àwọn Òkú bá ku ọ̀la. Màmá rẹ ò yẹ̀ ẹ́ rí: jọ́ọ̀gì omi lórí tábìlì, ife kan, àga tí a fà sẹ́yìn díẹ̀, kí òkú ilé tó rìn wá látọ̀nà jíjìn lè mumi, kó sì jókòó. Lọ́dọọdún, bí ilẹ̀ bá mọ́, omi náà á ti fà. Ìwọ lo máa ń sọ fún un lórí fóònù pé ológbò ló mu ún. Ológbò ti kú, Nevio, omi ò sì yé fà. Àfi lọ́dún yìí. Mo bá màmá rẹ lórí ìdúró láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń wo jọ́ọ̀gì tó kún dẹ́nu.

Ó ní, “Germano ò wálé, Mirella. Ẹnì kan dá a dúró lọ́nà.”

Mo ní bóyá ó kàn pẹ́ ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo òpè. Kò kó jọ́ọ̀gì náà kúrò. Ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bá a ní kíkún, ọbẹ̀ tí mo ń gbé lọ fún un sì ń tutù sórí tábìlì. Ó ní òun ò lè máa jẹun kí ọmọ òun máa rìn kiri nínú kùrukùru. Ó gbẹ, Nevio, ó gbẹ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé a ò ní jọ ṣe Kérésìmesì.

Ọjọ́ Àwọn Òkú yẹn gan-an bọ́ sọ́jọ́ Ìsinmi, a sì ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé. Kùrukùru bo pápá, agbára káká ni rẹfirí fi rí ilé gólì méjèèjì láti àárín. A nà wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé wa. Ilé ọtí Ezio wá di ilé ayọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yìn wá, wọn á ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, kí ìyìn náà má baà di èpè. Carmine nìkan ni kì í bá wọn pariwo. Géńdé ará Gúúsù kan ni, òun ló ń gbá àárín ẹ̀yìn. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ẹgbẹ́, ó bá mi níbi tí mo ti ń ká a.

“Àǹtí Mirella, ta ni ọ̀gá fi sẹ́yìn mi?”

“Gólì ló wà lẹ́yìn rẹ.”

“Kì í ṣe gólì. Mo mọ ohùn gólì, bí ewúrẹ́ ló ń ké. Ẹlòmíì ni. Bó bá ní kí n jáde, tí mo bá jáde, atamátàsé wọn á ti dá wà lẹ́yìn wa, rẹfirí á sì fọn fèrè ọ́fúsáìdì. Kì í ṣì í.”

“Ṣé o ti rí i ni?”

“Ó ní kí n má wẹ̀yìn.”

Mo jókòó lé aṣọ tí mo ká. Carmine ò bá Germano láyé, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un.

Mo gba yàrá ìmúra wọn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ivano nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀wù kẹfà, nọ́ńbà Germano, ń bẹ lórí ìkọ́ tí wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Jọ́ọ̀gì aláwọ̀ aró ìyá wa, tí mo ti wá tì, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀, ó tutù rinrin, àwọn yòókù sì gbẹ.

“Ivano, kí lo ṣe?”

“Mo fún un lómi. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń mu ún. Kí ló burú níbẹ̀?”

“Ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un lómi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dé Kérésìmesì. Bí a bá ń borí títí dìgbà yẹn, wọn ò ní lè lé mi. Màá wá jẹ́ kó máa lọ.”

“Ìyá ọ̀hún ò ní dé Kérésìmesì, kò jẹun. Ọmọ ọlọ́mọ lo fi omi tàn lọ́nà, o wá sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ rẹ.”

Ó fọwọ́ tún ẹ̀wù kẹfà náà ṣe lórí ìkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Láti ọjọ́ tó ti kú ni ẹ̀yìn mi ti ń tutù. Àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí nìkan ni kò tutù.” Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Àbúrò mi ni. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sílé mi, mo sì sunkún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó fúnra rẹ̀ wá pè mí. Ó pọn omi tuntun sínú jọ́ọ̀gì, ó gbé e fún mi kí n dúró létí pápá, òun sì rìn lọ dúró níwájú ilé gólì, níbi tó máa ń dúró nígbà ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀, tó kẹ́yìn sí i. Kùrukùru fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Mo gbọ́ tó ní, “Germano, màmá ti gbé omi kalẹ̀. Máa lọ sílé. Màá máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara mi.” Ló bá yíjú padà. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọjọ́ náà ni àbúrò mi dàgbà. Ohun tó rí, kò tíì sọ fún mi. Ojú rẹ̀ tutù nígbà tó padà dé, ó kàn gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi, a sì gba ọ̀nà orí bèbè.

Àwa méjì la jọ ń rìn, Nevio. Àmọ́ mo gbọ́ ìró bàtà kẹta lórí ọ̀dà, ìró bàtà bọ́ọ̀lù, kò-kò-kò, ní ìwọ̀nba ẹ̀yìn wa. Bí a bá dúró, á dúró. Ọrùn mi ti ń yí lọ nígbà tí Ivano ní, “Ẹ má wẹ̀yìn,” mi ò sì wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé ibi tí mọ́tò yẹn gbà wọ odò, ìró náà falẹ̀, ó tún bá wa.

Kí a tó kan ilẹ̀kùn ni màmá rẹ ti ṣí i. Mo wọlé, Ivano wọlé. Màmá rẹ ò tí ilẹ̀kùn. Ó yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dì í mú síbẹ̀, bí à ń ṣe fún ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé nǹkan kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Ìgbà yẹn ló tó tì í. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀,” ó bu ọbẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti fà dé ìdajì, ìtẹ́ àga náà sì ní ẹfun funfun lára, irú èyí tí wọ́n fi ń la pápá. Èmi fúnra mi ni mo nù ún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n fi góòlù mẹ́rin nà wá. Carmine ń wẹ̀yìn ṣáá, kò sì gbọ́ ohun kankan. Wọ́n lé Ivano ní ọjọ́ Ajé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ báyìí lórí pápá Fadá Attilio, kò sówó níbẹ̀, àmọ́ ó ń sùn lóru. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko.

Kí Graciela àti àwọn ọmọ rí ìkíni mi gbà. Ezio kí ọ, Ivano kí ọ, ó ní kó o má bínú sí òun. Ohun tó mú mi kọ̀wé ló kù yìí. Lánàá ni mo ń fọ abọ́ ní ilé màmá rẹ, mo rí i pé ó ti gbé ife mìíràn kalẹ̀, ó sì ti fa àga kan sẹ́yìn. Mo ní, “Màmá, Germano ti mumi tán.” Ó ní, “Kì í ṣe ti Germano. Èyí tó kú ti mọ̀nà ilé, èyí tó wà láàyè ló kù.” Mo na ọwọ́ sí jọ́ọ̀gì láti bu omi sí i, ó gbá mi lọ́wọ́. Ó ní wáìnì ni ti alààyè, omi ni ti òkú.

Ife náà ṣì ṣófo lórí tábìlì títí di ìgbà tí mo ń kọ̀wé yìí. Jọ̀ọ́, Nevio, má jẹ́ kó di omi la máa bù sí i.

Èmi tó ń retí rẹ lẹ́nu ọ̀nà,
Mirella.