Ìbọn Kejì

Ẹ̀yìn Rye Lane,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Bàbá Hamid,

Asalaamu alaykum. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí Hamid àti àwọn àbúrò rẹ̀, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Ìgbòho. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé òjò ti ń rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀? Ní tiwa níbí, ara le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù sì ti ń palẹ̀ mọ́. Nusaybah ọmọ wa ń múra ìdánwò. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́ àfi fóònù rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti bi mí lórí fóònù pé ìbọn wo ni mo padà rà. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Ọ̀rọ̀ náà ló gùn, Mìsítúrà ìyàwó mi sì máa ń wà nítòsí, mi ò sì lè máa sọ ọ́ létí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àmínát, ọmọ Alhaja tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ rántí bí mo ṣe ra ti àkọ́kọ́. Ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí tí Levi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì, mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ní Kent. A kì í pa ẹran níbẹ̀. Àwo amọ̀ ni ẹ̀rọ máa ń jù sókè, àwa a sì máa yìnbọn fọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ẹ ní ta ló ń fi àwo se ọbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wa bọ́ọ̀sì láti Mọ́ńdè dé Jímọ̀, tí wọ́n sì fi èdè mẹ́jọ bú u, ó yẹ kó rí nǹkan fọ́ ní Sátidé. Bí mo bá ti gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì yẹn lé èjìká, ọkàn mi a dákẹ́. Mi ò ní nǹkan mìíràn ní ìlú yìí tó jẹ́ tèmi nìkan.

Owó tí mo fẹ́ fi ra èkejì, ọ̀nà tó gbà wọlé ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Ní oṣù kìíní, àwọn onífíìmù kan kanlẹ̀kùn wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lo pálọ̀ wa àti àtẹ̀gùn wa fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ilé náà rí gẹ́lẹ́ bí àwọn ṣe fẹ́ kó rí. Mi ò bi wọ́n bóyá ìyìn ni àbí èébú. Fíìmù àwọn ọmọ Peckham tó ń gbébọn ni wọ́n ń ṣe. Mo kọ́kọ́ gbé ojúlówó ìbọn tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù olùtajà ìbọn kan ní Kent pé kó bá mi tọ́jú rẹ̀, nítorí àlejò tó máa wọ ilé pọ̀, kí n tó jẹ́ kí wọ́n wá to ìbọn oníke sórí tábìlì ìjẹun mi. Mìsítúrà kò dúró wò wọ́n. Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, East Dulwich ló ń lọ, lọ́dọ̀ Aunty Yéjídé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í padà títí wọn á fi kó ẹrù wọn lọ. Mo rò pé ariwo ló ń sá fún. Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbé ìbọn mi padà wálé. Wọ́n san owó tí n kò retí, owó tó tó ìbọn gidi í rà.

Ìgbà náà ni wàhálà yíyàn bẹ̀rẹ̀. Méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ará Italy. Ẹnìkan ti lò ó rí, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, wọ́n fín ewé sí i lára, ìdí rẹ̀ sì bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mu bíi pé èmi ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Èkejì wá láti Turkey, tuntun ni, kò lẹ́wà, ó wúwo. Levi ní ti Italy ni kí n mú. Ẹ̀yin ní èyí tó wúwo, pé ìbọn tó bá fúyẹ́ á máa ta ni nípàá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Odindi oṣù ààwẹ̀ ni mo fi ń rò ó. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo ń kí ìrun àṣámù, ti Italy ni mò ń rí lójú.

Nǹkan kan ló kù. Ìwé àṣẹ ìbọn mi máa parí ní oṣù kẹfà, kò sì sí olùtajà tó máa tà fún mi láìsí pé mo sọ ọ́ dọ̀tun. Mo kọ fóòmù, dókítà kọ tiẹ̀, àwọn ènìyàn méjì jẹ́rìí ìwà mi. Ó wá ku kí òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá wá wo ilé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í ṣe tuntun nìkan ni mi ò ní lè rà o, wọ́n á gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú.

Ẹ gbọ́ òfin wọn lórí kọ́kọ́rọ́ o. Àpótí irin ni ìbọn ń gbé, a sì kàn án mọ́ ògiri lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé nìkan ló gbọdọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ mọ̀, ọmọ kò gbọdọ̀ mọ̀. Bàbá Hamid, níbo ni ọkùnrin fẹ́ fi nǹkan pamọ́ sí nínú ilé tí obìnrin ń gbá? Mo ronú títí. Mo ní bàtà dúdú kan tó ti là lẹ́nu, tó wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Inú ti òsì ni mo ń ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ̀, mo sì máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ dí i. Ọdún márùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo tilẹ̀ ń fi ọgbọ́n ara mi yangàn.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, òṣìṣẹ́ náà dé. Rosaline lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Mìsítúrà gbé móínmóín síwájú rẹ̀, Rosaline ní wọn ò gba àwọn láàyè láti jẹun nílé ẹni tí àwọn ń yẹ̀ wò. Omi ló mu. Ó wo àpótí, ó fọwọ́ mi ògiri, ó ní kí n ṣí i. Mo ní kí àwọn méjèèjì dúró sí pálọ̀, mo gòkè pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí mo mọ̀ pé bí òfin ṣe wí gan-an nìyẹn. Mo nawọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí páálí. Mo wo abẹ́ ibùsùn, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Mo pariwo láti òkè pé, “Mìsítúrà, bàtà dúdú mi dà?” Òun náà dáhùn láti pálọ̀, létí ọlọ́pàá, pé, “Èyí tó lanu yẹn? Mo ti kó o sínú àgbá tó lọ sí Ìgbòho nígbà ààwẹ̀. Mo ní Bàbá Hamid á rí ṣọ́bàtà rán an.” Ẹ mọ àgbá aláwọ̀ búlúù tó máa ń kó aṣọ àti ìrẹsì sí fún yín lọ́dọọdún. Kọ́lápọ̀, tó ń báni fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, ti wá gbé e láti ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀. Èmi kì í sì í yìnbọn nígbà ààwẹ̀, mi ò fọwọ́ kan bàtà. Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ ìbọn mi wà lórí òkun.

Irọ́ mẹ́ta sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ìkankan ò jọ òótọ́, ni mo bá sọ òótọ́. Rosaline kọ̀wé títí. Ó wá bi Mìsítúrà bóyá ó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú bàtà náà. Mìsítúrà ní, “Kọ́kọ́rọ́ wo?” Rosaline fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó kéré tán, ó dá òun lójú pé ọkọ kò sọ fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n Mìsítúrà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó wò mí, ó ní, “Ọdún márùn-ún, Bàbá Nusaybah? Èmi tí mo fi ibi tí góòlù ìyá mi wà hàn yín?” Mo ní òfin ni. Ó ní òun gbọ́.

Rosaline ní òun fẹ́ bá Mìsítúrà nìkan sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n wọ kíṣìnì. Ẹ mọ̀ pé ògiri ilé ibí kò nípọn. Ó bi í pé báwo ni ọ̀rọ̀ ìbọn inú ilé ṣe rí lára rẹ̀. Mìsítúrà ní, “Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.” Ó sọ ti Adétáyọ̀ fún un, ọmọ Aunty Yéjídé, tí wọ́n yìnbọn pa nídìí ibùdókọ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mìsítúrà ló bá ìyá rẹ̀ gba ẹrù ọmọ náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tó sì yọ aṣọ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó ní láti ọjọ́ tí àpótí yẹn ti wọlé, ọmọ ni òun ń rán láti gbá abẹ́ àtẹ̀gùn. Bí mo bá ń gbé ìbọn jáde ní Sátidé, òun máa ń fara pamọ́ títí mọ́tò á fi lọ. Rosaline bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, “Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá padà dé. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí tèmi.”

Èmi tí mo jókòó sí pálọ̀, ojú tì mí. Adétáyọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìbọn tó pa á àti èyí tí mò ń nù lóróró lójú ìyàwó mi, nǹkan kan náà ni lójú tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ wá, ó gẹ́ àpótí náà, mo sì gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ olùtajà ní Kent bí Rosaline ṣe pàṣẹ. Bí àgbá bá dé, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ inú bàtà òsì, ẹ sọ ọ́ nù, kò ṣí nǹkan kan mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni èsì ọlọ́pàá dé. Wọ́n bá mi wí, ìbáwí náà sì gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ìwé àṣẹ mi dọ̀tun. Mo lè rà á.

Mo lọ. Ti Italy ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé e lé èjìká, ó bá mi mu bíi ti àtẹ̀yìnwá, mo sì rọra gbé e padà sórí àtẹ. Levi rò pé owó ló kù díẹ̀ káàtó, ó ní òun á yá mi. Mo ní kì í ṣe owó. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti bi Levi, mo ti bi ẹ̀yin, mo ti bi ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí lórí YouTube. Ẹni tí mo ń bá sùn tí mò ń bá jí, ọlọ́pàá ló wá bá mi bi í.

Nígbà tí mo délé, Mìsítúrà ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ máa yìnbọn yín. Kó má ṣáà sùn nínú ilé yìí mọ́.” Báyìí, ọ̀dọ̀ olùtajà ni ìbọn mi ń gbé, mo sì ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Èkejì, mi ò rà á. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní obìnrin ló ń darí mi. Ẹ wí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Owó náà ṣì wà, àwa méjèèjì la máa jọ mọ ohun tí a máa fi ṣe.

Ní Sátidé tó kọjá, mo jáde lọ sí Kent lọ́wọ́ òfo. Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Mìsítúrà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ní, “Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire o.” Mo wọ mọ́tò, mi ò lè tan án fún ìgbà díẹ̀. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń jáde nílé ní Sátidé láìsí ẹni tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, mi ò sì fura.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín. Kí oko yín má ta yín nù, kí igbó tí ẹ ń wọ̀ má di ewu fún yín, kí àárín ẹ̀yin àti ìyàwó yín má dàrú. Kí Ó jẹ́ kí a tún fojú kan ara wa pẹ̀lú àlàáfíà. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Làtíìfù.

Àfikún: Mo fún Mìsítúrà ní lẹ́tà yìí kà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má yọ nǹkan kan kúrò, ṣùgbọ́n kí n tún ibì kan ṣe. Ó ní lóòótọ́ lòun máa ń fara pamọ́ ní Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́tìnì lókè ni, Ayatul Kursiyu ni òun sì máa ń kà sí mi lẹ́yìn fún ààbò títí mọ́tò á fi yà ní kọ́nà.