Ẹ Má Pè É Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Àǹtí Bùsírátù mi,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ìjẹmọ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, Aishat ọmọ wa sì ti yege ìdánwò rẹ̀. Ojú iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe fún ọkọ mi, àbúrò yín, ti jinná. Dókítà ní kó máa rìn lójoojúmọ́, ó sì lè padà sí ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wa n'Ítòkú lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹrù.

Àǹtí, ẹ má bínú, mo ń jowú yín. Láti oṣù mẹ́ta, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Tí mo bá ní kó dìde rìn, á ní ó rẹ òun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti pè, á gbé fóònù sétí, á máa rẹ́rìn-ín lọ sójú títì. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó fẹsẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí. Ilé ìdáná ni mo wà tí mo gbọ́ tó ń ròyìn rẹ̀ fún yín.

Mo bi í pé, "Ṣé èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún?"

Ó ní, "Haleemah, bóyá ara ń ro mí nìkan lo máa ń bi mí. Àǹtí mi máa ń bá mi ṣeré."

Mo sunkún, torí òótọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa rìn lọ. Ohun tó bá sọ nígbà tó bá ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa.

Èmi ìyàwó yín,
Haleemah